Ọ̀bẹ Ògúnbọ̀dé

Rísíkàt máa ń sọ pé òun ní orogún, àti pé abẹ́ ibùsùn ọkọ òun ni orogún náà ń gbé. Àpótí pákó kan ló ń bá wí. Ọ̀bẹ ló kún inú rẹ̀, ọ̀bẹ kéékèèké tó ń ká wọ inú èèkù ara wọn, irú èyí tí ọkùnrin lè fi sápò ṣòkòtò kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mùyídéènì, ọkọ rẹ̀, ti ń kó wọn jọ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Àdá, ọkọ́, fáìlì àti ìṣó ló ń tà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Òdòde, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wà fún títà nínú ọ̀bẹ inú àpótí yẹn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fi àdá tuntun méjì pààrọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ akẹ́rù kan ní Ofosu. Ọ̀kan wà tí àbúrò ìyá rẹ̀ mú bọ̀ láti Kútọnu, tí èèkù rẹ̀ pupa bí epo. Ọ̀kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ ti kán, tí kò lè bẹ ọsàn mọ́, síbẹ̀ Mùyídéènì ń fi àdín pa á bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára.

Olórí gbogbo wọn ni ọ̀bẹ Ògúnbọ̀dé.

Ògúnbọ̀dé ni bàbá tó bí bàbá Mùyídéènì. Alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ̀dó sísàlẹ̀, ọmọdé tó ń fi ẹwìrì fẹ́ná fún ọ̀gá rẹ̀ ni. Nígbà tó di ọ̀gá fúnra rẹ̀, irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dojú dé lọ́nà Aládé ló gé, tó sun, tó lù, tó fi rọ ọ̀bẹ náà. Ìwo àgbọ̀nrín ló fi ṣe èèkù. Ó tẹ àmì bí ẹsẹ̀ àdàbà sí ìdí irin náà, níbi tó ti ń ká, kí ẹni tó bá rí i lè mọ ọwọ́ tó ti jáde wá. Wọ́n ní ó rọ irú rẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yìí ló kù láyé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀sìn mùsùlùmí, tó kọ Ògún, tó kọ ajá pípa, kò kọ ọ̀bẹ náà. Ó ní Ọlọ́run kò bá iṣẹ́ ọwọ́ bàbá òun jà. Òun ló fà á lé Mùyídéènì lọ́wọ́ ní ọdún tó gbé Rísíkàt níyàwó.

Mùyídéènì kì í fi í han àlejò. Àwọn ọ̀bẹ yòókù, ó lè kó wọn jáde bí ọ̀rẹ́ bá yà sílé, kó máa sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ògúnbọ̀dé, àfi òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Habeebullah lorúkọ ọmọ náà, òun ni àbígbẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ. Nígbà tí Habeebullah wà ní kékeré, bí bàbá rẹ̀ bá ti fa àpótí yọ, á sáré wá jókòó sórí ẹní, á di ojú rẹ̀ méjèèjì. Mùyídéènì á máa pa àwọn ọ̀bẹ náà dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á máa fi ìró wọn dá wọn mọ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ti Kútọnu."

"Èyí?"

"Ti bàbá àgbà."

Kò ṣì í rí. Inú Mùyídéènì á dùn, á máa wò ó bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọmọ náà.

Ọmọ dàgbà. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó ṣe é parí, ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lókè Ọya, ó padà wálé. Iṣẹ́ kò sí. Ó wáṣẹ́ dé Àkúrẹ́, ó dé Ìbàdàn, ó dé Èkó, wọ́n ní kó máa lọ, àwọn yóò pè é. Nígbà tó yá, ó kàn ń sùn nínú yàrá ni, fóònù lójú, oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá kí i, á jẹ́, kò ní jùyẹn lọ. Tìbínú-tìbínú ló ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bínú sí.

Ọdún tí kòkó wá di wúrà, tí àwọn tó ti sá kúrò lóko tún ń wá àdá kiri, Mùyídéènì ní kó máa lọ mójú tó oko wọn ní ọ̀nà Atosin.

"Ṣé torí kí n lè lọ sóko ni mo ṣe kàwé, Bàbá?"

"Ìwé tó o kà ò ní kó o má jẹun."

Habeebullah bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ọkùnrin kan tó wá láti Ìsẹ́yìn, Ọláfimíhàn, ló ń bá wọn ṣe oko náà, tí wọ́n jọ ń pín ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde. Òun àti Nimat ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, inú ahéré tó wà lóko ni wọ́n ń gbé. Ọláfimíhàn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ parí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ kó tó dáhùn. Ìwà yìí kò bá Habeebullah lára mu, ó rò pé ọkùnrin náà ń fojú di òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn Iléyá, Mùyídéènì pe ọmọ rẹ̀ wá sí ìsọ̀. Ó ti fi aṣọ wé ọ̀bẹ Ògúnbọ̀dé, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Kí ni kí n fi ṣe, Bàbá?"

"O ò ní fi ṣe nǹkan kan. Tìrẹ ni. Bí mo bá ní kí n dúró dìgbà tó o bá ríṣẹ́, ikú lè ṣáájú."

Habeebullah ṣí i, ó pa á dé. Ó di ojú, ó tún un ṣe. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, Mùyídéènì kò rí irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó ti padà wálé. Ó rò pé òun ti rí oògùn rẹ̀.

Nígbà tí Rísíkàt gbọ́, kò dùn mọ́ ọn. "Ọmọ tínú ń bí báyìí lẹ ń fún lọ́bẹ?"

"Ọ̀bẹ kọ́ ló ń bínú," ni Mùyídéènì wí. Ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Mùyídéènì kírun ìrọ̀lẹ́ tán ní mọ́ṣáláṣí, tó dé ilé, tó bá ọ̀kadà ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Habeebullah ti wẹ̀, ó jókòó sórí àpáta kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ. Bàbá rẹ̀ kí i, kò jẹ́. Ojú Mùyídéènì lọ sí àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó rí i pé ó fẹ́lẹ́.

"Ọ̀bẹ dà?"

"Ó bọ́ sọnù lóko."

Ẹ̀jẹ̀ ru sí Mùyídéènì lórí. Ó ní kí ló ń jẹ́ ó bọ́ sọnù. Ó ní ohun tí òun fi gbogbo ayé òun tọ́jú, ọmọ kò lè tọ́jú rẹ̀ fún oṣù kan. Ó sọ títí, ó lọ wọ bàtà, ó ní kí wọ́n jọ lọ wá a nísinsìnyí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà kò dìde. Ó kàn ń wo omi ọṣẹ yẹn. Ní gbogbo àsìkò tí Mùyídéènì fi ń bú u nítorí ọ̀bẹ, kò wá sí i lọ́kàn láti wo ojú rẹ̀, kò sì bi í pé kí ló ṣe é.

Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí Nimat sọ fún wọn ní tẹ́ṣàn nìyí. Ó ní odò lòun wà tí òun ń fọ aṣọ nígbà tí òun gbọ́ ohùn ọkọ òun àti ti Habeebullah, tí wọ́n ń jà lórí kòkó. Habeebullah ní àpò kòkó kò pé, ó ní Ọláfimíhàn ti tà nínú rẹ̀ lẹ́yìn àwọn. Ó ní kí òun tó gbé ọmọ pọ̀n kí òun sì dé ibẹ̀, ọ̀kadà ti ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ lòun rí. Ọkọ òun wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ń sá kòkó sí, ó di ikùn mú. Wọn kò tíì gbé e dé títì tó fi kú.

Habeebullah ní lóòótọ́ ni àwọn jà, ṣùgbọ́n òun fi í sílẹ̀ láàyè. Wọ́n tì í mọ́lé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá rí ọ̀bẹ kan lábẹ́ ewé kòkó gbígbẹ, àmì bí ẹsẹ̀ àdàbà sì wà ní ìdí rẹ̀.

Mùyídéènì gba lọ́yà fún ọmọ rẹ̀, obìnrin kan láti Àkúrẹ́ tó ń jẹ́ Adérìnsọ́lá. Lọ́yà wá sílé, ó jókòó, ó mu omi, ó là á yé wọn.

"Ọ̀bẹ yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n gbójú lé, Bàbá. Bí wọn ò bá rí ẹni tó máa so ó mọ́ Habeebullah, ọ̀rọ̀ ìyàwó olóògbé nìkan ló kù, òun náà ò sì rí i nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mi ò ní kí ẹ purọ́ o. Bó ṣe rí ni mo ń sọ fún yín."

Nígbà tó lọ tán, Rísíkàt kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Kò sunkún. "Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ pé ẹ ò mọ ọ̀bẹ yẹn kí wọ́n gbà yín gbọ́," ló wí. "Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ẹ mọ ọ̀bẹ. Ọmọ mi ni mo fẹ́."

Mùyídéènì fà á dìde. Ó ti mọ̀ pé ọmọ òun ló ṣe é. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti rí ṣẹ́ẹ̀tì nínú omi, ìbínú ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun mọ̀.

Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Nimat wá sí ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú wọn tó wà ní Aládé ló ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Mùyídéènì gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìkúnlẹ̀ náà sì dun Mùyídéènì ju èébú lọ.

"Bàbá, mo ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá mi ṣí ahéré. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ kó ẹrù wa."

Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ lọ. Nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn, Nimat wọlé, ó ń ká aṣọ, ó ń di ìkòkò. Ó wá fa ẹní tí wọ́n fi bo igun yàrá kúrò. Àpò kòkó mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n di ẹnu wọn dáadáa, wọ́n fi pákó gbé wọn kúrò nílẹ̀.

Mùyídéènì dúró, ó ń wò wọ́n.

"Ó kó wọn wọlé nítorí òjò," ni Nimat wí, ó ń di ẹrù rẹ̀ lọ. "Ó ní àwọn olè ń kó kòkó lóko àwọn tó múlé gbè wá. Ó fẹ́ sọ fún ọmọ yín lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ ọ́n, kì í tètè sọ̀rọ̀."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùyídéènì, ó bọ́ sọ́nà. Mùyídéènì padà sínú ahéré. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà títí ọ̀sán fi pọ́n.

Àkúrẹ́ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n sún un síwájú títí ó fi sú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n pe Mùyídéènì, ó wọ agbádá funfun tó fi ń kírun Iléyá. Wọ́n gbé Àlùkùránì fún un, ó búra pé òótọ́ lòun yóò sọ. Nimat jókòó lẹ́yìn, ọmọ ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Habeebullah wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, ó ti rù, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gba irú rẹ̀ méjì.

Agbẹjọ́rò ìjọba gbé ọ̀bẹ náà wá nínú ọ̀rá. Ìpẹtà ti ń mú un. Èyí ni Mùyídéènì kọ́kọ́ rí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ nà kó tó rántí ibi tó wà.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ọ̀bẹ yìí?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wo àmì yìí."

"N kò rí irú àmì yẹn rí."

"Wọ́n sọ fún wa pé ẹ máa ń kó ọ̀bẹ jọ, pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀bẹ tó yín ní gbogbo Ìdànrè. Irú ọ̀bẹ wo nìyí?"

"Ọ̀bẹ ọjà lásán ni."

"Ẹ̀rọ ló ṣe é?"

Ẹni tó bá ní ojú ni yóò mọ̀ pé ọwọ́ ló rọ ọ́. "Ọwọ́ ni," ló wí.

"Ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́?"

Ó mọ ohun tí ọkùnrin náà ń wá. Bí òun bá yìn ín díẹ̀, yóò bi òun pé ta ló lè rọ irú rẹ̀ ní àgbègbè Ìdànrè, yóò sì máa tọ̀ ọ́ lọ títí yóò fi dé ilé Ògúnbọ̀dé. Ó wo ọ̀bẹ náà, ó sọ pé: "Rárá. Iṣẹ́ burúkú ni. Ẹni tó rọ ọ́ kò mọṣẹ́. Irú èyí, bí wọ́n bá gbé e wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, n kò ní gbà á sílé."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Habeebullah ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé-ẹjọ́ gbọ́ ọ. Lọ́yà rẹ̀ dìde kíá, ó ní kó panu mọ́. Adájọ́ kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá sọ lè gbé e ṣubú. Habeebullah ní òun mọ̀.

"Ọ̀bẹ wa ni," ló wí. "Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló rọ ọ́. Ògúnbọ̀dé lorúkọ wọn. Alágbẹ̀dẹ gidi ni wọ́n. Bàbá mi ló fún mi, èmi ni mo sì fi gún ọkùnrin yẹn."

Nimat bo ojú rẹ̀. Mùyídéènì ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń jẹ́rìí, kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀ kalẹ̀, kò sì mọ bóyá kó sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Rísíkàt láàárín àwọn èrò. Ìyàwó rẹ̀ kò wo ọmọ, kò wo adájọ́. Mùyídéènì ló tẹjú mọ́.

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún Habeebullah. Adájọ́ ní inú ìjà òjijì ló ti gún un, kò pète rẹ̀, ó sì tún sọ òótọ́, ìdí nìyí tí òun kò fi dájọ́ ikú fún un. Ní ti Mùyídéènì tó búra èké, adájọ́ ní kó máa lọ sílé, pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ ti tó ìyà fún un.

Nígbà tó kọ́kọ́ lọ bẹ ọmọ rẹ̀ wò lẹ́wọ̀n, ó bi í léèrè. Kò lè ṣe kó má bi í.

"Kí ló dé tó o fi sọ̀rọ̀? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Habeebullah dá a lóhùn: "Nígbà tí mo wà látìmọ́lé, mo sọ fún ara mi pé mi ò ṣe é, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ létí mi. Mo rò pé mo lè máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ wá ní bàbá àgbà ò mọṣẹ́, mo rí i pé báyìí la ó ṣe máa gbé bí mo bá padà sílé. Ẹ̀yin á máa parọ́, èmi á máa jẹ ẹ́."

"Torí ẹ ni mo ṣe parọ́."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Mùyídéènì sọ fún un nípa àwọn àpò kòkó tó wà lẹ́yìn ẹní. Kò mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́, bóyá ó rò pé kò yẹ kí òun nìkan máa gbé e. Habeebullah tẹ́tí gbọ́ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní kí wọ́dà jọ̀ọ́ kó mú òun padà.

Nílé, Rísíkàt ń se oúnjẹ, ó ń gbé e fún un, ó ń kí i ní òwúrọ̀. Kò bá a jà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, lọ́jọ́ kan tó ń gbálẹ̀ yàrá tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ kan àpótí pákó. "Ta lẹ ń tọ́jú àwọn wọ̀nyí dè?" ló béèrè. Ìbéèrè lásán ni, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mùyídéènì ronú títí, kò rí orúkọ kankan dá.

Ó kó wọn lọ sí ìsọ̀. Ó tẹ́ wọn sórí àtẹ láàárín ìṣó àti fáìlì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ra àwọn kan, àwọn tó ń bẹ ọsàn tà ra àwọn kan. Obìnrin kan mú ti Kútọnu, ó ní èèkù rẹ̀ rẹwà, pé òun yóò máa fi gé ilá. Mùyídéènì bá a wé e.

Kò wá ọ̀bẹ Ògúnbọ̀dé lọ. Lọ́yà Adérìnsọ́lá ní bóyá wọ́n lè kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n Mùyídéènì ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti gbé Àlùkùránì, tó ní òun kò mọ nǹkan, ẹnu wo ni yóò fi padà wá béèrè rẹ̀? Ibi tí wọ́n ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ló wà, pẹ̀lú àdá àti àáké àwọn ẹlòmíràn, tí kò sẹ́ni tó ń fi àdín pa wọ́n.

Ó ń lọ sí Àkúrẹ́ lóṣooṣù. Nígbà tó yá, Habeebullah kì í pẹ́ mọ́ bó bá jáde wá bá a. Nígbà tó tún yá, kì í jáde. Ọjọ́ tó lọ gbẹ̀yìn, ó gbé ọsàn àti àkàrà lọ, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí. Wọ́dà kan jáde wá bá a.

"Bàbá, ó ní kí ẹ máa lọ sílé. Ó ní kí ẹ má ṣe wá mọ́, kí ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le."

Ó fi ọsàn àti àkàrà sílẹ̀ fún un. Ó wọ ọkọ̀ padà sí Ìdànrè. Ọjọ́ kò tíì lọ nígbà tó dé Òdòde, nítorí náà kò yà sílé, ó lọ ṣí ìsọ̀. Ọkùnrin kan tó ń kan òrùlé wá ra ìṣó, ó kí i, ó bi í pé báwo ni ilé. Mùyídéènì ní àlàáfíà ni.